Ṣé O Mọ̀? Ilẹ̀ Ń Mì Nísàlẹ̀, Òkè Ń Yọná Lókè

Ṣé o mọ̀ pé ìmìtìtì ilẹ̀ ti gba ọ̀dọ̀ wa ní Yewa kọjá rí? Ìdájí ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 ni. Orílẹ̀-èdè Benin ló ti ṣẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára dé Abẹ́òkúta. Kò dúró dá kọ́sítọ́ọ̀mù kankan lóhùn ní ẹnubodè Ìdí-Ìrókò!

Lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀, agbára rẹ̀ ò tó 5. Kékeré nìyẹn.

Ó yá, gbọ́ ńlá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun Okhotsk ní Rọ́ṣíà. Agbára rẹ̀ tó 8.3. Jíjìn rẹ̀ ńkọ́? Kìlómítà 609!

Tún un kà: 609. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Èkó dé Àbújá, kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ wáá da ìrìn náà kọ orí sísàlẹ̀.

Wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára ní Moscow, tó jìn ju kìlómítà 6,000 lọ.

Ti Bolivia lọ́dún 1994 ńkọ́? Òun náà jìn ju kìlómítà 600 lọ. Àwọn ará Kánádà mọ̀ ọ́n lára!

Tí jíjìn náà bá ti ju nǹkan bíi kìlómítà 700 lọ, kẹ́kẹ́ pa. Ilẹ̀ kì í mì níbẹ̀ mọ́.

Kiyoo Wadati, ará Japan, ló fi ẹ̀rí ìmìtìtì inú lọ́hùn-ún hàn lọ́dún 1928.

Níbo ló ti ń ṣẹlẹ̀? Níbi tí ìsàlẹ̀ òkun ti ń rì sábẹ́ ilẹ̀ mìíràn ni. Ní Tonga, ó ń yára tó sẹ̀ǹtímítà 24 lọ́dún.

Èyí tó wù mí jù rèé. Níbi tí ìmìtìtì bá ti jìn tó nǹkan bíi kìlómítà 100, wo òkè: àwọn òkè ayọnáyèéfín ti tò sórí ibẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́! Japan nìkan ní ju 100 lọ tó ṣì lẹ́mìí.

Ṣùgbọ́n lókè ibi tó ti mì ní Bolivia yẹn, kò sí òkè iná kankan. Ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún, níbi tí ìmìtìtì ò ti jìn tó bẹ́ẹ̀, ni àwọn òkè iná wà.

Òkè Cameroon wáá ba gbogbo òfin jẹ́. Ó ga ju mítà 4,000 lọ. Ó yọná lọ́dún 1999, ó tún yọ ọ́ lọ́dún 2000. Bẹ́ẹ̀, kò sí ilẹ̀ tó ń rì lábẹ́ rẹ̀. Bí o bá rí ará Kamẹrúùnù lọ́jà Ìlaròó tàbí Ayétòrò, bi í léèrè iná náà.