Asẹ́ Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ Amúlégbóná: Ẹ Má Jẹ́ Kí Òtútù Kọ́kọ́ Kọ́ Yín

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti jápa lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn mìíràn sì ń múra àtilọ. Gbogbo ènìyàn ló máa sọ fún yín pé kí ẹ ra kóòtù tó nípọn àti bàtà tí kì í yọ̀ lórí yìnyín. Kò sí ẹni tó sọ fún èmi pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ní asẹ́ nínú, àti pé ó yẹ kí n máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Minnesota ni mò ń gbé. Ní oṣù kìíní ọdún, òtútù ibẹ̀ lè wálẹ̀ dé ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní òru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní furnace, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Yóò tan, yóò fẹ́ ooru fún ìṣẹ́jú mélòó kan, iná rẹ̀ yóò kú, afẹ́fẹ́ tútù ni yóò wá máa jáde. Tó bá yá, yóò tún tan. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, kóòtù ni ọmọ wa wọ̀ jẹun àárọ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Yorùbá tó ń tún irú ẹ̀rọ yìí ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ wa fẹ́ dákẹ́ o."

"Àbúrò, ìgbà wo lo pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn?"

"Asẹ́ wo, sà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí n pa ẹ̀rọ náà, kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, kí n fa páálí pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yọ. Ohun tí mo fà yọ dà bí aṣọ òfì àtijọ́ tí eruku ti bò mọ́lẹ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Fáànù ńlá kan ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti inú yàrá. Gáàsì ń jó nínú irin kan tí wọ́n dé pa. Afẹ́fẹ́ yìí yóò gba ẹ̀yìn irin náà kọjá, yóò gba ooru lára rẹ̀, yóò sì padà sínú yàrá. Èéfín iná kò gbọdọ̀ pàdé afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Páìpù tirẹ̀ ló ń gbà jáde síta. Ẹ rántí ìkòkò orí ààrò: omi inú rẹ̀ ń gbóná, ṣùgbọ́n èéfín kì í wọnú omi.

Iwájú fáànù ni asẹ́ wà, kí eruku má baà wọlé. Bí ó bá dí, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba ooru kò ní tó, irin náà yóò sì gbóná jù. Ohun kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ooru yìí. Òun ló ń pa iná kí ọ̀ràn tó burú. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi ń tan tó sì ń kú. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, irin náà lè sán.

Láti pààrọ̀ asẹ́, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ. Ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí etí asẹ́ àtijọ́, bíi 16 x 25 x 1 ní íńṣì, kí ẹ ra irú rẹ̀ gan-an. Ẹ ó tún rí nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní MERV. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni asẹ́ ṣe ń mú eruku wẹ́wẹ́ tó, ṣùgbọ́n èyí tó ga jù lè fún fáànù lọ́rùn. Láàárín 8 sí 11 tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Ọfà kan wà lára asẹ́ tuntun; apá ibi tí ẹ̀rọ wà ni kó kọjú sí. Ẹ fi báírò kọ ọjọ́ sí i lára. Asẹ́ oníńṣì kan kì í sábà ju oṣù mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá ní ajá tàbí ológbò, ẹ máa wò ó lóṣooṣù.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ yẹ àwọn nǹkan mìíràn wò. Bí ẹ bá lè rí iná náà láti ìta, búlúù ló yẹ kó jẹ́, kó sì dúró ṣinṣin. Bí ó bá ń pọ́n bí ọsàn tó sì ń mì, ẹ pa á, kí ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá páìpù èéfín ti dógùn-ún tàbí ó ti yọ. Ní ìta, ẹ kó yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù. Ẹ má kó páálí tàbí ọ̀dà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ má tú inú rẹ̀ fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òtútù tó dé.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí gan-an ni gáàsì carbon monoxide. A mọ̀ ọ́n nílé: òun ló ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Irin tó sán tàbí páìpù tó dí lè tú u sínú ilé. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí ara wọn sì ń yá bí wọ́n bá jáde, ẹ fura. Ẹ fi ẹ̀rọ ìkìlọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yàrá tí ẹ ń sùn àti sí àjà ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ké, ẹ jáde kí ẹ tó pe 911. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹ má tan iná, ẹ má pa á. Ẹ jáde ni. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, mo ra asẹ́ tuntun, mo fi sí i, ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́ láìdánudúró. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wá lọ́sẹ̀ náà láti yẹ irin inú rẹ̀ wò. Kò tíì sán. Bí ilé tí ẹ yá gbé ni ẹ wà, ẹ bi lánlọ́ọ̀dù ní ọjọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́: ta ló ń pààrọ̀ asẹ́, ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn?