Swami Ghanananda: Ọmọ Ghana tó fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò ẹ̀mí rẹ̀, tó sì dá ilé ìsìn Hindu sílẹ̀ ní Accra

Tí ẹ bá wọ trotro láti Circle lọ sí Mallam nílùú Accra, ohun tí ẹ máa rí lójú ọ̀nà kò ní yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Èkó tàbí Ìbàdàn. Wọ́n kọ ẹsẹ Bíbélì sẹ́yìn ọkọ̀ kan, wọ́n kọ "Alhamdulillah" sẹ́yìn òmíràn. Ẹni tó ń ta símẹ́ǹtì àti ẹni tó ń ṣe irun, àwọn méjèèjì ló fi orúkọ Ọlọ́run kún orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn.

Àmọ́ tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Odorkor, ilé ìsìn kan wà ní àdúgbò náà tí àlejò kò ní retí. Ère àwọn òrìṣà ilẹ̀ India ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé lọ jọ́sìn kì í ṣe ará India nìkan. Ọmọ Ghana pọ̀ nínú wọn. Hindu Monastery of Africa ni wọ́n ń pe ibẹ̀.

Ọmọ Ghana náà ló dá a sílẹ̀. Swami Ghanananda Saraswati ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Òun ni wọ́n kà sí ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè swami, ìyẹn oyè tí ẹ̀sìn Hindu ń fún ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti yááfì ohun ayé nítorí ìsìn.

Oṣù Kìíní ọdún 2016 ló jáde láyé. Àmọ́ kì í ṣe òkìkí rẹ̀ ló mú mi wá ìtàn rẹ̀, bí kò ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ìbéèrè nípa ẹ̀sìn tí wọ́n bá nílé, tí wọn kò mọ ẹni tí wọ́n lè bi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé tí àwọn bá la ẹnu, ìyá á sunkún, bàbá á bínú, ìjọ á sì yẹra fún àwọn. Báwo wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́?

Ọmọ Senya Beraku tó ń wá ìdáhùn

Ọdún 1937 ni wọ́n bí Swami Ghanananda nílùú Senya Beraku, ìlú apẹja tó wà létí òkun ní ẹkùn Central ní Ghana. Odi àtijọ́ tí àwọn Dutch kọ́ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 18 ṣì wà títí di òní, ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń kó èèyàn lẹ́rú sọdá òkun.

Ìdílé ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ló ti wá, àmọ́ àwọn òbí rẹ̀ ti di Kristẹni. Èyí túmọ̀ sí pé kí òun tó yí ọ̀nà padà, ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ yí i padà nínú ilé wọn.

Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ pé láti kékeré ló ti ń ronú lórí àṣírí ayé. Ó wá ìdáhùn nínú àwọn ìwé mímọ́, kò sì rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró síbẹ̀. Wọ́n á gbé ìbéèrè náà mì, wọ́n á sì máa bá ìgbésí ayé wọn lọ. Òun kò gbé e mì.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Hindu ṣe dé Accra?

Kì í ṣe oníwàásù ló mú un wá. Àwọn oníṣòwò Sindhi láti India ló ti ń tajà ní Ghana láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Gold Coast. Nígbà tí wọ́n pín India sí méjì ní ọdún 1947, agbègbè Sindh bọ́ sí ọwọ́ Pakistan, àwọn ẹlẹ́sìn Hindu tó wà níbẹ̀ sì fọ́n káàkiri ayé. Àwọn kan nínú wọn wá bá àwọn èèyàn wọn ní Accra.

Bí àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Ghana nígbà náà ṣe gbé ìsìn wọn dání, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Sindhi ṣe gbé tiwọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀dọ́kùnrin ará Senya Beraku yìí ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹ̀sìn Hindu.

Yàtọ̀ sí èyí, àwọn sọ́jà tó ti ogun Bọ́mà dé náà ní ìtàn India lẹ́nu. Lẹ́yìn wọn ni fíìmù India wá gba sinimá káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Onímọ̀ ọmọ Ghana kan, Albert Kafui Wuaku, tó kọ ìwé lórí àwọn ọmọ Ghana tó ń sin Shiva àti Krishna ní ọdún 2013, ṣàlàyé pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa wo India bí ilẹ̀ agbára ìjìnlẹ̀. Ìwòsàn àti ààbò ló gbé àwọn kan lọ síbi ìsìn náà. Ìbéèrè ló gbé ti Ghanananda.

Ọdún 1962: Ẹgbẹ́ kan àti lẹ́tà

Ní ọdún 1962, ó kó wá sí Accra. Ghana ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní ọdún márùn-ún ṣáájú ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó pè ní Divine Mystic Path Society.

Lẹ́yìn náà ló kọ lẹ́tà sí Divine Life Society nílùú Rishikesh, lẹ́bàá odò Ganges ní àríwá India. Swami Sivananda, tó ti fìgbà kan ṣe dókítà ní Malaya, ló dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní ọdún 1936. Wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ nípasẹ̀ lẹ́tà sí àwọn tó wà lókèèrè, ọmọ Ghana yìí sì forúkọ sílẹ̀.

Lónìí, ẹni tó ní ìbéèrè á gbé fóònù, á sì rí ẹgbẹ̀rún ìdáhùn kí iná tó lọ. Nígbà yẹn, lẹ́tà gbọ́dọ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ dé, ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ fèsì, kí èsì náà tó padà wá sí Accra. Àárín lẹ́tà kan sí òmíràn, èèyàn á ka ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì tún un kà.

Ó béèrè oyè, wọn kò fún un lójú ẹsẹ̀

Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ rìnrìnàjò lọ sí Rishikesh. Níbẹ̀ ló ti bá Swami Krishnananda, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà, pàdé, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ òun di ajẹ́jẹ̀ẹ́.

Krishnananda kò ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ti Accra dé ẹsẹ̀ òkè Himalaya, tó wá padà sílé láìgba ohun tó bèèrè.

Àmọ́ kò jáwọ́. Ní ọdún 1975, Krishnananda fúnra rẹ̀ wá sí Ghana, ibẹ̀ ló sì ti fún un ní oyè swami àti orúkọ tuntun. Ní èdè Sanskrit, "ananda" túmọ̀ sí ayọ̀. Ẹni tó bá sì ka Ghanananda á rí orúkọ ìlú rẹ̀ níwájú ayọ̀ náà.

Láti ọdún 1962 tó ti dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn, ọdún 13 ni. Accra ló sì ti ṣiṣẹ́ ìsìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, kò kó lọ sí India.

Ṣé òfin fàyè gba irú ìrìn yìí?

Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 ní Ghana fi hàn pé ìdá 71.3 nínú 100 àwọn ará ìlú jẹ́ Kristẹni, ìdá 19.9 jẹ́ Mùsùlùmí, ìdá 3.2 sì ń ṣe ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú àwọn mẹ́ta yìí kò ní rí ọ̀pọ̀ èèyàn bá rìn.

Àmọ́ òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Abala 21 nínú ìwé òfin Ghana ti ọdún 1992 fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó bá wù ú. Ní Nàìjíríà, abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 tiẹ̀ sọ ọ́ ní kedere pé èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà.

Ohun tí òfin kò lè ṣe ni kó bá èèyàn jókòó nídìí oúnjẹ alẹ́ nílé bàbá rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń le jù.

Àwa Yorùbá náà mọ irú rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa. Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, ṣe ìrìbọmi ní Freetown ní ọdún 1825. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ìyá ń sin òrìṣà, ọmọ ti di àlùfáà Kristẹni, síbẹ̀ wọ́n dì mọ́ra wọn. Ọdún 1848 ni ìyá tó ṣe ìrìbọmi tirẹ̀.

Ẹlòmíràn gba ọ̀nà náà láti òdìkejì. Susanne Wenger, obìnrin ará Austria, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Ọ̀dọ̀ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá nílùú Ẹdẹ, ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ òrìṣà. Àdùnní Olóòrìṣà ni a wá mọ̀ ọ́n sí, Òṣogbo ló sì kú sí ní ọdún 2009.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ẹ̀sìn tí à ń pè ní ti bàbá wa kò ju ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bàbá àgbà kan tàbí ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ gbà á, ó ṣeé ṣe kí àwọn ará ilé ti bínú sí i nígbà náà. Àwa tí a jogún rẹ̀ ló ti gbàgbé pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ẹnì kan ni.

Kí ni ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè mú nínú ìtàn yìí?

Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́sìn Hindu kó tó rí ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ẹlòmíràn lè wá ìdáhùn lọ, kó sì padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí tí wọ́n bí i sí pẹ̀lú òye tó jinlẹ̀ sí i.

Èkíní, kò kánjú. Ó kàwé, ó kọ lẹ́tà, kó tó rìnrìnàjò.

Èkejì, kò dá rìn. Ó ní ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀, ó sì ní olùkọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó lọ bá kò kánjú gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì lásìkò yìí tí àwọn kan ń dúró de ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ bí apẹja ṣe ń dúró de ẹja. Olùkọ́ tó ní kí ẹ lọ ronú sí i yàtọ̀ sí ẹni tó ní kí ẹ san owó lónìí, kí ẹ fi ẹbí yín sílẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀kẹrin, ó padà wálé. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ilé máa gba ẹni tó bá yí ọ̀nà padà. Àmọ́ ìyá Crowther kò lé ọmọ rẹ̀, ìlú Accra náà kò sì lé Ghanananda.

Àwọn àgbà ló ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọn kò sọ pé kì í pẹ́ kó tó débẹ̀.