Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Ọkọ̀ Tí Ń Gba Iná Lóru

Kì í ṣe ohun titun mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ń gbé, láti rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kò mu epo rárá, bí kò ṣe iná mànàmáná. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin baba àti ìyá ilé sọ ni bí iná náà yóò ti ṣe dé inú ọkọ̀ láìṣe ilé ní jàǹbá.

Àwọn kan a máa rò pé, níwọ̀n bí ihò iná ti wà lára ògiri, kí a sáà na wáyà gba ojú fèrèsé jáde, kí a so ó mọ́ ọkọ̀, kí a sì lọ sùn. Ewu ń bẹ níbẹ̀. Áńpì 13 ni a ṣe ihò iná ilé Gẹ̀ẹ́sì fún. Kẹ́tùrù lè gba tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láàrín ìṣẹ́jú díẹ̀ omi a hó, ó parí. Ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti alẹ́ di òwúrọ̀ ni yóò máa fa iná láìsinmi. Bí ojú ìsopọ̀ kan bá dẹ̀, tàbí bí wáyà bá tín-ín-rín, tàbí bí a bá ká a jọ bí okùn kànga, yóò máa gbóná díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ́, nígbà tí àwọn ọmọ ń sùn ní yàrá òkè.

Ọ̀nà tí ó yẹ ni kí a pe oníṣẹ́ iná tí ó ní ìwé-ẹ̀rí. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ retí lọ́wọ́ rẹ̀. Èkínní, yóò wo fíúsì àgbà ilé, èyí tí ó lè jẹ́ áńpì 60, 80 tàbí 100. Ẹ̀rọ ọkọ̀ nìkan a máa gba 32. Bí ẹ̀rọ omi ìwẹ̀ gbígbóná bá tún gba 40, tí ààrò iná sì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Èkejì, yóò fa wáyà ọ̀tọ̀ tí ó nípọn láti inú àpótí fíúsì dé ara ògiri ìta, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń gé iná kíákíá bí ó bá ṣìnà. Ẹ̀kẹta, yóò fi í tó àwọn tí ó ni wáyà àdúgbò létí, yóò sì fún yín ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ayálégbé ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé.

Èrè rẹ̀ kò kéré. Bátìrì tí ó gba yúníìtì 60 lè pẹ́ tó wákàtí 26 lórí ihò ògiri kí ó tó kún. Lórí ẹ̀rọ kílówáàtì 7, bí wákàtí 9 ni. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022, òfin ibẹ̀ pàṣẹ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí a bá tà fún ilé gbọ́dọ̀ lè yan àkókò tí yóò gba iná, kí ó má bàa jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ìlú ń dáná. Àwọn tí ń ta iná mìíràn sì ń dín owó rẹ̀ kù lóru.

Òtítọ́ ni pé owó iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré, wáyà ojú fèrèsé sì rọrùn lójú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Owó tí a fi dáàbò bo orun àwọn ọmọ kò ṣòfò.