Ọ̀nà Irin tí Kò Dé Odò Ọya

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, àti ẹ̀yin àgbà tí ń gbọ́ wa, kí ẹni tí ó bá ní àwòrán ilẹ̀ ṣí i. Ẹ fi ìka tọ ọ̀sà láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ lẹ́bàá Ìkòròdú lọ sí Èkó, sí Àgbádárìgì, títí dé Àjàṣẹ́. Aṣọ́bodè lè dá ọlọ́kọ̀ dúró lójú ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n omi kò ní dá a dúró.

Ọ̀nà irin kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1900 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin láti Kútọnu ní Dàhòmì, tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Èrò wọn ni pé kí ó dé Odò Ọya, kí ó máa kó ọjà ilẹ̀ Niger wá sí etí òkun. Kí ogun 1914 tó bẹ́ sílẹ̀, ó ti dé Sábẹ̀, ìlú àwọn ará wa. Ibẹ̀ ni ó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1936 ó dé Parakou, ó di 438 kìlómítà. Odò ṣì kù ní nǹkan bíi 300 kìlómítà. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ síwájú mọ́. Owó ni olórí ìdí rẹ̀, ogun Hitler sì tún dé.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn fà. Ẹ̀pà Niger, ilẹ̀ Faransé, Kánò ni ó ń gbà kọjá, tí ó ń wọ rélùwéè àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó! Nígbà tí ẹrù pọ̀ ju agbára rélùwéè wa lọ, àwọn Faransé dá ètò kan sílẹ̀ ní nǹkan bíi 1953. Orúkọ ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́rì á gbé ẹ̀pà dé Parakou, wọn á sọ ọ́ kalẹ̀, wọn á tún dì í sínú rélùwéè. Lọ́rì náà kì í sì í padà lófo. Á ru epo bẹntiróòlù àti ọjà mìíràn lọ sílé. Ẹ ṣírò owó alárù nìkan ná!

Ẹnì kan lè ní, “Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ tiwa?” Irin tiwa nígbà náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, tiwọn jẹ́ mítà kan. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ínṣì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó tó láti gbé rélùwéè ṣubú.

Ní 1959 Dàhòmì àti Niger pawọ́ pọ̀ dá àjọ rélùwéè kan sílẹ̀. Orúkọ Niger wà lára àjọ náà. Irin kò sí ní Niger. Ó di 2014 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin láti Niamey lọ sí Dosso, bíi 140 kìlómítà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń jà sí ẹni tí iṣẹ́ apá Bẹ̀nẹ̀ tọ́ sí, ilé-ẹjọ́ ní Kútọnu sì dá a dúró ní 2015. Irin Dosso kò pàdé irin Parakou.