Bí A Ṣe Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Gbèsè Láì Sọ Ìrètí Nù

Kò sí agbolé tí ọ̀rọ̀ gbèsè kò dé rí. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ, owó ilé tó pé lójijì, àìsàn tí a kò retí, ọjà tí kò tà, àwìn tí oníbàárà gbà tí kò sì san: lára ìwọ̀nyí ni gbèsè ti ń wá. Kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí onínàákúnàá nìkan ni ó ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, a kò kọ àpilẹ̀kọ yìí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. A fẹ́ ṣàlàyé bí ẹni tó ti wọ inú gbèsè ṣe lè jáde, àti ohun tí kò ní jẹ́ kí ó sú u lójú ọ̀nà.

Ìwọ̀fà àtijọ́ àti ìwọ̀fà òde òní

Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó fẹ́ yá owó ńlá lè fi ara rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ lóko olówó ní àkókò tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí nínú ètò yìí ni pé iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín gbèsè kù. Èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Bí ó ti wù kí ọdún tí ó fi ṣiṣẹ́ pọ̀ tó, ojú owó ṣì wà nílẹ̀ digbí. Ọjọ́ tí òun tàbí àwọn ẹbí rẹ̀ bá kó ojú owó kalẹ̀ ni ó tó dòmìnira.

Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń ṣe é láì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan ṣàlàyé. Bí ẹnì kan bá yá ₦40,000 lórí áàpù ayáni-lówó, tí áàpù náà sì ń gba ₦15 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan lóṣù, èlé oṣù kan jẹ́ ₦6,000. Bí oṣù bá parí tí kò rí owó náà dá padà, wọn a ní kí ó san ₦6,000 kí wọ́n lè sún ọjọ́ síwájú. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko, yóò ti san ₦72,000, yóò sì tún jẹ ₦40,000 síbẹ̀. Ìwọ̀fà ni onítọ̀hún. Foonu rẹ̀ ti rọ́pò oko olówó, èlé ni ó sì ń ṣiṣẹ́ sìn.

Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó jẹ gbèsè mọ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín èlé àti ojú owó. Owó tí kò bá dín ojú owó kù kì í ṣe sísan gbèsè.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ gbèsè ni kò mọ iye tí òun jẹ. Ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí wọ́n rò ó pọ̀. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ olówó kọ̀ọ̀kan sí i, ojú owó tó kù, èlé oṣooṣù, àti ọjọ́ tí ẹ ṣe àdéhùn láti san án. Ẹ má fo ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe aládùúgbò tó yá yín ní ₦2,000 láti ra gáàsì. Iye tí ẹ óò rí lè kó ìpayà bá yín, ṣùgbọ́n ẹrù tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni a lè wá bí a óò ṣe gbé e.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ iye tó ń wọlé lóṣù àti iye tó ń jáde. Ẹ yọ oúnjẹ, owó ilé, owó ọkọ̀, owó ilé ìwé àti oògùn sọ́tọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, bó ti wù kó kéré tó, òun ni ẹ óò fi jagun. Bí kò bá sí ohun tó ṣẹ́ kù, ẹ wo àwọn ohun tó lè dúró ná: aṣọ ẹbí òde tí a lè lọ láì wọ aṣọ ẹbí, dátà tó pọ̀ jù, ìnáwó tí a ń ṣe nítorí ojú ayé. Ẹ sì dá yíyá owó tuntun dúró. A kì í gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jò láì kọ́kọ́ dí ojú ihò.

Ta ni kí ẹ kọ́kọ́ san?

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn sábà ń gbà. Àwọn kan a kọ́kọ́ san èyí tí èlé rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí pé òun ló ń jẹ wọ́n lówó jù. Àwọn mìíràn a kọ́kọ́ san èyí tó kéré jù, kí orúkọ kan lè tètè kúrò nínú ìwé. Ìṣirò gbè sẹ́yìn ọ̀nà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn sábà ń gbè sẹ́yìn èkejì. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, David Gal àti Blakeley McShane, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó jẹ olówó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n rí i pé àwọn tó ti parí gbèsè kan tàbí méjì pátápátá ló sábà ń rìn ín dé òpin. Ìṣẹ́gun kékeré a máa fún ènìyàn lágbára.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe lè pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé aránṣọ kan jẹ áàpù ₦40,000 pẹ̀lú èlé tí a dárúkọ lókè, ó jẹ aládùúgbò ₦30,000 láìsí èlé, ó sì jẹ aláṣọ tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ₦70,000 láìsí èlé. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó ilé, ₦20,000 ló ń ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ lóṣù.

Ó lọ bá aládùúgbò àti aláṣọ, ó bẹ̀ wọ́n, ó sì ṣèlérí ₦2,000 lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ná. Ó wá dojú ₦16,000 tó kù kọ áàpù. Lẹ́yìn oṣù kìíní, gbèsè áàpù di ₦30,000. Lẹ́yìn oṣù kejì, ó di ₦18,500. Lẹ́yìn oṣù kẹta, ó di ₦5,275. Ní oṣù kẹrin, ó parí, ó sì ṣẹ́ nǹkan bí ₦9,900 kù láti fi kún ti aládùúgbò. Ní oṣù karùn-ún, ti aládùúgbò náà parí. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ₦20,000 di ti aláṣọ, ó sì parí ní oṣù kẹjọ. Owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ sí i láàárín àkókò yìí. Ohun tó yí padà ni pé ó dojú owó rẹ̀ kọ ibì kan, àti pé bí gbèsè kan ti ń parí, owó rẹ̀ ń kún òmíràn.

Ẹ má ṣe sá fún olówó

Ìtìjú a máa mú kí ènìyàn pa foonu, kí ó sì yí ọ̀nà padà nítorí ẹni tó yá a lówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá kò lè bẹ̀bẹ̀. Ẹ pe olówó yín kí ọjọ́ tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti kọjá. Ẹ sọ iye tí ẹ lè san gan-an, kí ẹ má ṣèlérí ohun tí ọwọ́ yín kò ká. Bí ó bá jẹ́ báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ni, ẹ béèrè fún àdéhùn tuntun ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sanwó, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí nígbà tí ẹ bá parí. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san ẹgbẹ̀fà, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́ kò dí ọ̀nà kankan.

Ohun tí òfin sọ

Láyé àtijọ́, olówó lè dógò ti ẹni tó jẹ ẹ́: a jókòó síwájú ilé rẹ̀, kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Lónìí, ẹ̀dógò ti wọ orí foonu. Àwọn ayáni-lówó kan a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ pé olè ni ẹni tó jẹ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a mọ ẹ̀tọ́ wa.

Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn tó yẹ̀. Gbèsè lásán kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá. Ilé ẹjọ́ ni olówó lè lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ayédèrú ìwé yáwó, tàbí tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì nígbà tó mọ̀ pé kò sí owó nídìí rẹ̀, ti wọ inú ọ̀ràn.

Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 kò fàyè gbà á kí ẹnikẹ́ni máa fi orúkọ àti nọ́ńbà yín ṣe ohun tó wù ú. Láti ọdún 2022 sì ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, FCCPC, ti ń forúkọ àwọn ayáni-lówó orí foonu sílẹ̀. Ẹ yẹ orúkọ áàpù wò nínú àkójọ wọn kí ẹ tó yáwó. Bí wọ́n bá ti ń dójú tì yín, ẹ tọ́jú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà bí ẹ̀rí, kí ẹ sì fi ẹjọ́ wọn sun àjọ yìí.

Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ yìí kò pa gbèsè rẹ́. Láti ọdún 2020, ètò kan wà láti ọ̀dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ tó jẹ́ kí báńkì tó yá yín lówó lè gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn nípasẹ̀ BVN. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè sì wà, tí àwọn báńkì ń wò kí wọ́n tó yáni lówó. Àbò ni òfin fún wa, kì í ṣe ibi ìsápamọ́ sí.

Bí kò ṣe ní sú yín lójú ọ̀nà

Oṣù kìíní kì í le. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àárẹ̀ lè wá, nígbà tí ìtara ti lọ tí gbèsè kò sì tíì tán. Àwọn nǹkan díẹ̀ nìyí tó lè ran yín lọ́wọ́.

• Ẹ lẹ ìwé mọ́ ara ògiri yàrá yín. Ẹ fa ìlà sí orí rẹ̀ fún ₦5,000 kọ̀ọ̀kan tó bá kúrò nínú ojú owó. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ojú ń rí ni ọkàn ń gbà gbọ́.

• Ẹ sọ fún ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán: ọkọ, aya, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́. Kí ó máa béèrè lọ́wọ́ yín ní ìparí oṣù. Gbèsè tí tọkọtaya bá jọ mọ̀ a máa rọrùn láti san ju èyí tí ẹnì kan fi pamọ́ lọ.

• Ẹ dá àjọ, tàbí kí ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba. Bí ó bá kàn yín láti kó àjọ, ẹ ti pinnu ṣáájú gbèsè tí owó náà yóò pa. Ẹ má sì ṣe kó o tán kí ẹ wá dáwọ́ dídá dúró. Gbèsè tuntun nìyẹn.

• Ẹ máa fi owó kékeré pamọ́, ìbáà ṣe ₦500 lọ́sẹ̀, bí ẹ ti ń san gbèsè lọ. Òun ni yóò ra oògùn ibà lọ́jọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn, tí ẹ kò fi ní padà sórí áàpù.

• Bí ẹ bá kọsẹ̀ ní oṣù kan, ẹ má fi ìwé náà ya. Ẹ san ìwọ̀nba tí ẹ bá rí, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

A tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó wúwo. Àwọn kan wà tí ìtìjú gbèsè ti mú kí wọ́n rò pé ayé kò wúlò mọ́. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n gbèsè kì í ṣe ẹ̀sín tí ikú ń yá jù. Owó ni, a sì lè rí owó san. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dá nìkan wà. Ẹ sọ fún ẹbí lónìí, kí ẹ sì lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín. Bí ẹ bá sì mọ ẹnì kan tó ti ń yẹra fún ènìyàn nítorí gbèsè, ẹ yà kí i.

Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà àtijọ́ ń ṣe lóko olówó kò dín gbèsè rẹ̀ kù. Àwa lè dín tiwa kù. Ẹ mú ìwé àti kálàmù ní alẹ́ òní, kí ẹ kọ orúkọ àkọ́kọ́ sí i.