Iyùn Tí Ó Wà Láàyè Nínú Ilé: Kí Ni A Ó Ṣe Tí Àwọ̀ Rẹ̀ Kò Fi Ní Ṣá?

Bí a bá dárúkọ iyùn, ọrùn ìyàwó ni ọkàn yín yóò kọ́kọ́ lọ, tàbí ọrùn ọba lórí ìtẹ́. Àwọn tí ó ka kéú mọ̀ ọ́n sí márjánì, nítorí pé orúkọ náà wà nínú Súrà Ar-Rahmán. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé iyùn kì í ṣe òkúta, tí kì í sì í ṣe igi? Ẹ̀dá alààyè ni. Ẹranko kékeré ni, tí ó ní ẹnu, tí ó ní ikùn, tí ó ń jẹun, tí ó sì ń bímọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn a máa so pọ̀ mọ́ ara wọn, wọn a sì máa kọ́ ilé líle fún ara wọn láti inú omi òkun, pẹ̀lú irú èròjà kan náà tí ó wà nínú ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Éṣíà ni ó ń sin iyùn láàyè nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ wọn, bí a ti ń sin ẹja. Ẹni tí ó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀: òmíràn ní àwọ̀ ewé, òmíràn ní àwọ̀ aró, òmíràn ní àwọ̀ àlùkò. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nígbà mìíràn tí ohun ẹlẹ́wà yìí yóò fi di funfun bí egungun, tàbí kí ó di rúsúrúsú bí ilẹ̀. Olówó rẹ̀ a sì máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni mo fi dù ú? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò fi ohun kan dù ú. Ìyípadà òjijì ni ó bà á jẹ́.

ÀLEJÒ INÚ ARA IYÙN

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ kan. Ojúlówó iyùn pupa tí a ń fi sí ọrùn, Òkun Mẹditaréníà ni ó ti wá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀. Inú egungun rẹ̀ gan-an ni pupa rẹ̀ wà, ìdí sì nìyí tí ó fi ń pọ́n síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹranko náà ti kú tipẹ́tipẹ́. Iyùn inú àpótí kò rí bẹ́ẹ̀. Inú omi tí kò jìn, tí oòrùn ń ràn sí, ni a ti ń rí i. Egungun tirẹ̀ funfun. Ara tí ó bo egungun náà fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, inú ara yìí sì ni àwọn ewéko kéékèèké ń gbé, tí ojú lásán kò lè rí.

Àlejò ni àwọn ewéko náà. Iyùn fún wọn ní ilé; àwọn náà ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń fún onílé nínú rẹ̀. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró tí ó ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì, iyùn fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é; àwọ̀ rúsúrúsú ni ti àlejò. Bí àlejò bá pọ̀ jù, rúsúrúsú a bo ẹwà onílé mọ́lẹ̀. Bí omi bá sì gbóná jù, iyùn a lé àlejò jáde, egungun funfun a sì hàn. Kò tíì kú ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ebi ti wọlé. Bí nǹkan kò bá tètè padà sípò, ikú ni ó kàn.

Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú òkun ńlá. Ní ọdún 1998, iyùn funfun ní ọ̀pọ̀ òkun àgbáyé nítorí ooru. Ní ọdún 2016 àti 2017, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Great Barrier Reef ní Ọsirélíà, ilé iyùn tí ó gùn tó kìlómítà 2,300. Bí omi bá gbóná ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ lọ pẹ̀lú ìwọ̀n Celsius kan péré, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti tó. Bí òkun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá ń jìyà ìwọ̀n kan, kí ni kí a sọ nípa àpótí inú pálọ̀?

ỌKÙNRIN ARÁ JAKARTA

Ní ọdún 1961, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lee Chin Eng, ará Jakarta ní ilẹ̀ Indonéṣíà, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn olùsin ẹja ní Amẹ́ríkà, èyí tí à ń pè ní Tropical Fish Hobbyist. Ó ṣàlàyé bí òun ti ń sin àwọn ẹ̀dá òkun. Kò lo ẹ̀rọ ńláńlá. Omi òkun ni ó lò, àti òkúta tí a gbé láti inú òkun pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń gbé inú rẹ̀, àti afẹ́fẹ́ tí ń hó gùdùgùdù nínú omi, àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Àwọn ẹ̀dá inú òkúta náà ni ó ń bá a fọ omi mọ́. Títí di òní olónìí, orí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùsin iyùn ń gbé iṣẹ́ wọn kà.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FI ṢERÉ

Èkínní ni omi. Nínú kílò omi kan, gíráàmù 35 ni kí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ṣe é lò. Iyọ̀ tí a ṣe fún ẹja òkun ni. Omi ẹ̀rọ lásán kò dára, nítorí kọ́pà tàbí kilorínì tí ó lè wà nínú rẹ̀. Ẹ lo omi tí a ti sẹ́ tí kò ku nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé bí ọbẹ̀ bá gbẹ lórí iná, omi a lọ, iyọ̀ a kù. Bákan náà ni àpótí. Nítorí náà, bí omi bá fà, omi tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ fi dí i, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

Èkejì ni ooru. Ìwọ̀n Celsius 24 sí 27 ni ó bá a lára mu. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, fáànù tí ń fẹ́ sí ojú omi a máa tu ú lára díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ́lẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó. Iyùn tuntun, ìsàlẹ̀ àpótí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹni tí ó jáde láti inú òkùnkùn kì í la ojú sí oòrùn lójijì.

Ẹ̀kẹrin ni ìgbì. Iyùn kò ní ẹsẹ̀. Omi ni ó ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ wá bá a, tí ó sì ń gbá ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí iná mànàmáná rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí ń lo bátìrì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó má ṣe dáwọ́ lé e rárá.

Ẹ̀karùn-ún ni oúnjẹ àti èròjà. Oúnjẹ ẹja tí ó bá ṣẹ́kù a máa di náítíréètì àti fọ́síféètì, àwọn wọ̀nyí ni ó ń mú kí àlejò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tán pátápátá, iyùn a ṣì di ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ jẹ́ kí náítíréètì wà láàárín mílígíráàmù 2 sí 10 nínú lítà kan. Kálísíọ̀mù tí ó fi ń kọ́ egungun, kí ó jẹ́ 400 sí 450. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú omi tí iyọ̀ àti ooru rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba, ọ̀pọ̀ wàhálà yóò rọlẹ̀.

Ẹ má ṣe kánjú. Àpótí tuntun a máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí omi rẹ̀ tó fara balẹ̀. Iyùn rírọ̀ bí Sarcophyton ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Acropora tí ó ní ẹ̀ka bí igi, ti àwọn àgbà olùsin ni. Bí àwọ̀ bá sì yí padà, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ tún ṣe, kí ẹ dúró wò ó, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn.

Ẹ ṢỌ́RA, Ẹ̀YIN ÌYÁ ỌMỌ

Iyùn rírọ̀ kan wà tí ó rí bí bọ́tìnnì, tí irun yí ẹnu rẹ̀ ká. Zoanthus àti Palythoa ni orúkọ wọn. Àwọn kan nínú wọn ní oró tí ó le gidigidi. Ní ọdún 2018, ní Oxfordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé kan ń fọ iyùn inú àpótí wọn, oró náà sì wọ inú afẹ́fẹ́ ilé. Ilé ìwòsàn ni wọ́n bá ara wọn, àwọn panápaná tí ó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ pàápàá kò ṣàì dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, ẹ má ṣe ha òkúta àpótí lóde omi, ẹ má sì ṣe sè é láé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Korobá àpótí, kí ó dá wà. Kí a má ṣe fi pọn omi mímu tàbí omi àlùwàlá.

Ní ìparí, ẹ rántí pé iyùn ṣe é gé gbìn bí igi ẹ̀gẹ́. Ẹ̀ka kékeré kan tí a gé tí a sì lẹ̀ mọ́ òkúta yóò dàgbà. Àwọn olùsin a máa fún ara wọn ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, èyí sì dára ju kí a máa fọ́ ilé iyùn nínú òkun lọ. Òfin àgbáyé tí à ń pè ní CITES pàápàá ń ṣọ́ òwò iyùn olókùúta láàárín orílẹ̀-èdè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á bóyá èyí tí a gbìn ni.

Ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò lè sá, tí kò sì lè bu omi fún ara rẹ̀, àmáánà ni lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e wọlé. Bí ẹ kò bá ní àyè láti wò ó lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú òkun rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní àyè, ẹ ṣe díẹ̀, ẹ ṣe é déédéé, àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ìtọ́jú yín hàn.