Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Sinimá tí wọ́n ń wò látinú mọ́tò

Ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù 1933 ni Richard Hollingshead ṣí irú sinimá yìí nítòsí ìlú Camden, ní New Jersey, Amẹ́ríkà.

Iwájú ilé ara rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dán an wò. Ó gbé ẹ̀rọ sinimá lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó so aṣọ funfun mọ́ igi, ó gbé rédíò sẹ́yìn aṣọ. Ó tilẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń bomi rin koríko ṣe òjò! Ṣùgbọ́n mọ́tò iwájú ń dí ti ẹ̀yìn lójú. Ló bá ní kí wọ́n mọ ilẹ̀ ní òkìtì-òkìtì, kí imú mọ́tò lè gbé sókè. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà.

Nígbà náà, sẹ́ńtì 25 ni wọ́n ń gbà lórí mọ́tò, 25 lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan. Ariwo sinimá náà ń da àdúgbò láàmú, títí wọ́n fi ṣe sípíkà kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ fèrèsé mọ́tò.

Ní 1958, irú sinimá yìí ti lé ní 4,000 ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ilẹ̀ wọ́n gógó, fídíò tún wọlé dé, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ sì tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìtajà. Ṣùgbọ́n Shankweiler's, ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ṣí ní Pennsylvania ní 1934, ṣì ń ṣiṣẹ́.